Gígún Kọ́, Gígùn Ni

N kò wá ọ̀gà lọ sí ibì kankan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lókò pa, tí ó sì gbé e wá sí ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kan àgò onínẹ́ẹ̀tì fún un, ó ku ẹ̀ka igi tí yóò máa gùn nínú rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ ọ̀gà pín sí méjì àti mẹ́ta bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, nítorí náà ẹ̀ka tí ẹ̀mú náà lè dì mú ṣinṣin ni ó yẹ ẹ́, kì í ṣe ìtì igi.

Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣaláìní igi, ṣùgbọ́n máńgòrò àti kajú ni ó yí mi ká, àwọn méjèèjì ni oje wọn sì ń bó ènìyàn lára. Lápálápá tí wọ́n fi ṣe ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa ní oró nínú. Dóńgóyárò etí ọ̀nà ńkọ́? Wọ́n ti fín oògùn kòkòrò yí i ká.

Ni mo bá gbé ọ̀gà sínú páálí tí mo dá ihò sí lára, kí n lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn ẹ̀ka, mo sì kọrí sí ọ̀dọ̀ ìyá eléwé ọmọ kan ní Ọjà Ọba. Mo ní, “Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀ka igi wo ni ó dára fún ọ̀gà?”

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé jíjó ni àbí gígún?”

Mo rò pé bóyá wọ́n máa ń fi iná yan igi kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Mo dáhùn pé, “Gígùn ni, Ìyá.”

N kò mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìlọta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbé àmì ohùn mi lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fa odó sí iwájú, ó ti ka atare sínú rẹ̀, ó sì ti na ọwọ́ sí páálí. “O kú oríire, ọmọ mi. Ààyè dára ju gbígbẹ lọ.”

Ọ̀gà tí ó jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí a kúrò nílé ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ya ẹnu sílẹ̀, ojú rẹ̀ kan ń wo ọmọ odó, ìkejì ń wò mí.

Mo fi igbe ta. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un! Òun ni yóò gun igi!”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “O ń sin ọ̀gà? Bí ẹni sin ewúrẹ́?” Gbogbo ìsọ̀ aláta bú sẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ òun náà ni ó tú ìdì ewé gúáfà tí ó ń tà fún agbo ibà, tí ó fa ẹ̀ka mẹ́ta yọ fún mi. Wọn kò ní oje tí ń bó ara, wọ́n sì wọ inú ẹ̀mú ẹsẹ̀ náà rẹ́gí. Ó gba owó atare inú odó lọ́wọ́ mi pẹ̀lú. Nígbà tí mo délé, mo da omi gbígbóná lé wọn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, mo sì sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Tanpẹ́pẹ́ tí ó jáde nínú wọn kò lóǹkà.

Láti ìgbà náà, n kò lè gba ọjà náà kọjá kí ìyá má nahùn pè mí láti ọ̀ọ́kán pé, “Bàbá ọlọ́gà, ṣé o ò tíì gún un?” Mo máa ń dúró kí ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́ ná, kí n tó dá a lóhùn.