Òkúta mẹ́ta tí mo fi ra iṣu

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, torí fídíò yẹn ti dé orí fóònù gbogbo ẹbí wa báyìí, àwọn tó wà ní Kàdúná pàápàá ti rí i, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló wà nínú fídíò.

Iṣu ló fà á. Mo ra iṣu kan lẹ́bàá títì ní Lokoja níbí, ₦2,500, ó gùn, ara ẹ̀ ń dán, àfìgbà tí ìyàwó mi fọ̀bẹ là á tí inú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, epo pupa ni. Epo ọ̀hún pupa ju epo lọ, ó ta sí aṣọ àbíkẹ́yìn wa, a fọ aṣọ yẹn títí, a fi búlíìṣì sí i, aṣọ ya, àwọ̀ epo ò kúrò. Ìyàwó mi ò pariwo o, ó kàn wò mí, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé oko lẹ dàgbà sí lóòótọ́ àbí ẹ kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó dùn mí wọra. Èmi ọmọ Ijumu, èmi tó jẹ́ pé iṣu àti kaṣú ni bàbá mi fi rán mi níléèwé! Mo ní ó tán, a ò rajà lọ́wọ́ alágbàtà mọ́ nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ olóko gan-an la ó ti máa rà á.

Àbúrò mi kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ọmọ àbúrò bàbá mi, Èkó ni wọ́n bí i sí, kò mọ iṣu yàtọ̀ sí ewùrà. Mo ní kó tẹ̀ lé mi, kó wá kọ́gbọ́n. Ó gbé fóònù ẹ̀ dání, ó ní òun á máa ká fídíò. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣàṣìṣe àkọ́kọ́.

Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ni. A kúrò ní Lokoja láàárọ̀, a gba Obajana kọjá, níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti tò gbọọrọ bí ìjàlọ, eruku bo gíláàsì mọ́tò débi pé mo ń rò pé ọyẹ́ ti dé. A dé Kabba, mo ní ká kọ́kọ́ ra epo. Mo ní kí ìyá alépo ta díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò rá a, mo gbóòórùn ẹ̀, mo tọ́ ọ wò, mo dijú, mo mirí, mo gbọ́wọ́ sókè sóòrùn kí n lè rí bó ṣe ń ṣàn. Ìyá yẹn wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ ra epo ni àbí ẹ fẹ́ fi sín gbẹ́rẹ́?" Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà. Mi ò dá a lóhùn, mo ra kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, epo náà sì dáa, epo gidi ni, ẹ má jẹ́ kí ìyókù ọ̀rọ̀ yìí mú yín gbàgbé pé mo ra epo gidi.

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni ọjà abúlé kan lójú ọ̀nà Ayetoro Gbede. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Wọ́n ti sọ fún mi pé Mọ́ńdè ni wọ́n ná an kẹ́yìn, mo sì fi fóònù ṣírò ẹ̀, Mọ́ńdè, ọjọ́ márùn-ún lé e, Sátidé. Ó gún régé. Ìgbà tá a débẹ̀, àtíbàbà ló dá dúró gẹ́gẹ́ bí egungun, ewúrẹ́ kan ń jẹ ewé tí wọ́n fi wé èkọ, ìyá kan ń gbálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Okun o! Ọjà dà?"

Ó na ìdí ìgbálẹ̀ sí mi. "Ọjà wo? Àná kọ́ la ná an?"

Mo ní Mà, Mọ́ńdè lẹ ná an kẹ́yìn, ọjọ́ márùn-ún. Ó wá ń ka ìka fún mi bí ọmọ jéléósinmi: "Mọ́ńdè, ọ̀kan. Túsìdè, èjì. Wẹ́sìdè, ẹ̀ta. Tọ́sìdè, ẹ̀rin. Fúráìdè, àrún. Àbí báwo ni wọ́n ṣe ń kà á níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀?" Tóò. Mo ti gbàgbé pé àwa máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, fóònù ò sì mọ̀yẹn. Àbúrò mi ní kí n tún un sọ kí òun ká a dáadáa. Mo ní kó wọ mọ́tò.

Ìtìjú ọjà yìí ló tì mí wọ ọ̀nà oko. Mi ò lè padà sí Lokoja láìsí iṣu, lójú ìyàwó wo? A yà sí ọ̀nà kan tó ní koríko láàárín, a rìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, la bá rí wọn.

Iṣu mọ́kànlá. Wọ́n tò wọ́n sábẹ́ igi emi kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n díẹ̀, gbogbo wọn sanra bí itan àgbàlagbà. Kò séèyàn. Níwájú iṣu, òkúta mẹ́ta.

Ara mi yá gágá. Mo ní, "Ṣó o ń ká a? Ká a o!" Mo wá dúró síwájú kámẹ́rà, mo fọwọ́ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo ní láyé àtijọ́, ará oko á kó ọjà ẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, á to òkúta síwájú ẹ̀, iye òkúta ni iye owó, á sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, á ka òkúta, á fowó sílẹ̀, á gbé ọjà. Ẹnìkan ò ní jí i. (Òótọ́ lèyí o, bàbá àgbà mi tà á bẹ́ẹ̀, ó rà á bẹ́ẹ̀, ẹ má tìtorí tèmi sọ pé irọ́ ni.) Mo ní ẹ wò ó, ó ṣì wà nílẹ̀ yìí, lóde òní!

Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, òkúta kan jẹ́ èló?"

Ìbéèrè tó dáa. Mo rò ó. Mo ní nígbà sílè àti tọ́rọ́, òkúta kan, kọ́bọ̀ kan. Ìgbà tí wọ́n wá gbé náírà dé ní 1973, òkúta náà gbọ́dọ̀ máa bá owó lọ, ìdí nìyẹn tí òkúta àtijọ́ fi kéré bí ẹyin awó tí tòní sì tóbi tó orí ọmọdé. Èyí tó tóbi tó báyìí, ẹgbẹ̀rún kan ni ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.

"Iṣu mọ́kànlá, ₦3,000?"

Mo ní iye tí olóko ń tà á nìyẹn, àwọn alágbàtà ló ń pa wá.

"Òkúta yìí dúdú o, Bọ̀ọ̀dá."

Mo ní òkúta ilẹ̀ yìí ló rí bẹ́ẹ̀.

"Eérú nìyí ńkọ́?"

Háà, ọmọ Èkó! Mo ní eérú ni wọ́n ń fi sójú iṣu tí wọ́n bá ṣá, kó má baà rà, ojúlówó àgbẹ̀ ló ni ọjà yìí. Ìyẹn náà kì í kúkú ṣe irọ́. Ó tún rí iṣu sísun kan tí wọ́n ti ha èèpo ẹ̀ tán, tí wọ́n gbé sórí ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Mo ní ìtọ́wò nìyẹn, bí ìyá alépo ṣe ta epo sí mi lọ́wọ́ kọ́ nì yẹn? Kó jẹ ẹ́, kó sọ bó ṣe rí. Ó bu epo Kabba sí i, ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó ní ó dùn. Mo kúnlẹ̀, mo ki ẹgbẹ̀rún kan bọ abẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan, mo rọra tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e, mo kíyè sí i pé òkúta lọ́wọ́ọ́rọ́, mo ní oòrùn ni. A kó iṣu sí bọ́ọ̀tù, a gbéra.

A ò tíì dé títì nígbà tí mo gbọ́ ọkàdà lẹ́yìn. Mo wo díńgí, mo rí bàbá kan lẹ́yìn ọlọ́kadà, ó ń ju ọwọ́, ó ń pariwo. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Wo olóko gidi! Ó ń sáré tẹ̀ lé wa kó lè fún wa léèènì."

Mo páàkì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Bàbá ẹ kú iṣẹ́, ẹ ò bá má ṣèyọnu.

Bàbá na owó mẹ́ta sí mi. Etí wọn ti jó, ọ̀kan ṣì ń rú èéfín.

"Ìwọ lo kówó sínú ààrò mi?"

Ààrò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ààrò. Òkúta mẹ́ta, eérú, ó dúdú, ó gbóná. Ọmọ ọdún mẹ́ta nílé wa mọ ohun tí òkúta mẹ́ta jẹ́. Ilẹ̀ ò lanu.

Bàbá ní òun gun orí àpáta lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti pe ọlọ́kadà kó wá bá òun kó iṣu. Láti òkè lọ́hùn-ún ni òun ti ń wò wá. "Mo rí i tó o dúró tó ò ń wàásù, mo ní ta ló ń wàásù fún igi emi? Ìgbà tó o kúnlẹ̀ síwájú ààrò mi, mo ní áà, àdúrà ni. Mo tiẹ̀ ṣe àmín. Àfi bí mo ṣe rí i tẹ́ ẹ ń kó iṣu." Ó wo ẹnu àbúrò mi, epo ṣì wà níbẹ̀. "Oúnjẹ mi náà ńkọ́?"

Àwọn ọlọ́kadà méjì mìíràn ti dúró. Ẹ mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá gbọ́ olè iṣu. Ọ̀kan ti ń wo nọ́ńbà mọ́tò mi, èkejì ń bèèrè ọmọ ta ni mí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má mọ orúkọ bàbá mi. Ni àbúrò mi bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fídíò."

Wọ́n pé lé fóònù lórí. Wọ́n gbọ́ sílè àti tọ́rọ́. Wọ́n gbọ́ 1973. Ìgbà tó kan ibi tí mo ti ní òkúta ń tóbi bí owó ṣe ń pọ̀, ọlọ́kadà kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí wọ́n dá a padà sí ibi òkúta dúdú, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá di igi mú, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Mo ní Bàbá, ẹ dá iye, màá san án. Ó ní rárá. Iṣu ìkórè ni, òun ti yà á sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ìkórè sì di ọ̀la, òun ò lè ta iṣu Ọlọ́run lójú ọ̀nà. "Bó o bá fẹ́ ẹ, wá sí ìkórè. Wọ́n á ṣe gbàǹjo."

Mo lè sá o. Mọ́tò wà, títì wà. Àmọ́ mo rántí bí ìyàwó mi ṣe wò mí. A lọ sùn nílé wa ní Ijumu, nígbà tó di Sọ́ńdè mo wọ agbádá, mo lọ.

Bàbá ti sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí àwọn akọrin ń wo ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń wọlé. Mo ju owó tí etí ẹ̀ jó sínú ọrẹ, ìyá tó gbé igbá mú ọ̀kan, ó wò ó, ó wò mí, ó fi ìborùn bo ẹnu. Wọ́n ta àkùkọ, wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ta àgbàdo. Wọ́n gbé iṣu mọ́kànlá jáde, alága gba maíìkì:

"Iṣu yìí ti rìnrìn àjò! Ta ló máa fún mi ní òkúta mẹ́ta?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan lẹ́yìn pariwo òkúta mẹ́wàá. Mo ní méjìlá. Ọ̀gá kan tó wálé láti Àbújá, tí mi ò mọ̀ rí tí mi ò ṣẹ̀ rí, ní ogún. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe ń bù ú lé e. Mẹ́tàlélógún. Ọgbọ̀n. Bàbá olóko fúnra ẹ̀ dìde, ó ní òun fi òkúta kan lé e, kí òun ṣáà rí ojú mi. Ìgbà tí wọ́n fi lu agogo, òkúta méjìlélógójì ni. ₦42,000, wọ́n sì ní àwọn gba tíránsífà.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì bá mi kó o sí bọ́ọ̀tù. Bàbá gbá mi léjìká, ó ní kí n máa padà wá, ó ní oko òun ò ní ìlẹ̀kùn.

A dé Lokoja nírọ̀lẹ́. Ìyàwó mi jáde, ó rí iṣu, ojú ẹ̀ tàn. Ó gé ọ̀kan níbẹ̀, ó funfun nini. Ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o! Èló ni gbogbo ẹ̀?"

Kí n tó lanu, àbúrò mi ní, "Òkúta méjìlélógójì."

Ó rò pé àwàdà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé iṣu tó kù, ọwọ́ ẹ̀ ba àpò sìmẹ́ǹtì kan tí mi ò mọ̀ nípa ẹ̀ nísàlẹ̀ bọ́ọ̀tù. Ó wúwo. Ó tú u, ó gbé ohun inú ẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sílẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúdú, eérú ṣì wà lára wọn. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gbójú sókè.

"Èyí ńkọ́, Bàbá àwọn ọmọ? Ṣé ṣéńjì yín nìyí?"