Kí la wá ṣe láyé gan-an?

Mo ti ṣàkíyèsí pé ìbéèrè yìí kì í sábà wá nígbà tí ọwọ́ èèyàn bá dí. Ẹni tí ara ọmọ ẹ̀ ń gbóná lóru ò ráyè béèrè kí ni ìtumọ̀ ìgbésí ayé, ẹni tó ń sáré kí ọkọ̀ má fi òun sílẹ̀ ò ráyè ẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ilé bá ti sùn tí bátìrì fóònù ti kú ló máa ń yọjú, tàbí ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ẹnì kan, tàbí, èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù, ọjọ́ tí ọwọ́ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ohun tó ti ń lé bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. O gbàwé ẹ̀rí, o rí iṣẹ́ tó o fẹ́, wọ́n kí ẹ kú oríire títí wọ́n fi lọ, o wá jókòó, ó ku ìwọ nìkan, o ń bi ara ẹ pé ṣé bó ṣe máa rí náà nìyí?

Ohun tó ṣe Tolstoy nìyẹn, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà. 1828 ni wọ́n bí i, nígbà tó fi máa sún mọ́ àádọ́ta ọdún kò sóhun téèyàn ń wá tí ò ní, ìyàwó wà, ọmọ wà, ilẹ̀ wà lọ rẹrẹ, òkìkí ẹ̀ ti kàn, ara ẹ̀ sì le koko. Síbẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń gbé okùn pamọ́ kúrò lójú ara òun, òun ò sì gbé ìbọn lọ ṣọdẹ mọ́ torí ẹ̀rù ohun tóun lè fi ṣe ń ba òun. Kò sẹ́ni tó ń lé e. Ohun tó ń dà á láàmú ò ju pé nínú gbogbo ohun tí mò ń ṣe yìí, èwo nikú ò ní bà jẹ́? Ó wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì, ó wá a lọ sínú ìwé àwọn amòye, kò rí i. Ó wá rí i pé àwọn àgbẹ̀ àti mẹ̀kúnnù tí ò kàwé rárá ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbáyé, tí wọ́n fi ìgbàgbọ́ ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ìgbàgbọ́ kú. (Ẹni tí irú èrò okùn yẹn bá ń wá sọ́kàn ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má dá a gbé mọ́ra, kó sọ fún ẹnì kan lónìí, kó rí dókítà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká jókòó ká máa ronú.)

Àwọn ẹlẹ́sìn ti ní ìdáhùn tiwọn, mi ò sì wá bá wọn jà, onígbàgbọ́ lèmi náà. Kùránì sọ ọ́ ní súrà 51 ẹsẹ 56 pé torí kí wọ́n lè máa sin Ọlọ́run ló ṣe dá àlùjànnú àti èèyàn. Ìwé Oníwàásù bẹ̀rẹ̀ látorí asán inú asán, ó wá parí ẹ̀ sórí ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti pípa òfin ẹ̀ mọ́. Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó gba ìyẹn gbọ́ tọkàntara ṣì máa jí láàárọ̀ ọ̀la, á ṣì ku kó mọ ohun tóun lágbájá fẹ́ fi ọjọ́ náà ṣe.

Àwọn kan ní tiwọn á ní kéèyàn kàn gbójú sókè. Ní oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n ní kí Voyager 1, ọkọ̀ tí kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀ tí wọ́n rán lọ sí gbalasa òfuurufú, yí kámẹ́rà ẹ̀ padà, ó sì ya ayé láti ibi tó jìnnà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 6 kìlómítà. Tó o bá rí fọ́tò yẹn, gbogbo ilẹ̀ àti òkun tá a mọ̀, gbogbo ogun tí wọ́n ti jà rí, ò ju àmì tín-ń-tín kan báyìí, wàá fẹ́ fìka nù ún kúrò lójú fóònù torí ó jọ ìdọ̀tí. Wọ́n á tún ní àgbáyé ti wà fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún, ìran èèyàn bíi tiwa yìí ò ju nǹkan bí 300,000 ọdún lọ, ṣé o rí i pé a ò já mọ́ nǹkan kan? Ibẹ̀yẹn lọ̀rọ̀ wọn ò ti wọ̀ mí létí. Ká ní a tóbi ju oòrùn lọ ńkọ́? Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń lo bílíọ̀nù ọdún kó tó kú, ṣé ìyẹn ló máa wá fún ayé wa nítumọ̀? Ẹni táyé sú lọ́gbọ̀n ọdún, tó o bá fi ẹgbẹ̀rún ọdún kún un fún un, o kàn fi kún ohun tó sú u ni jàre.

Àwọn tó wá ń múnú bí mi jù làwọn tó ń polówó purpose kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní ohun kan ṣoṣo wà tí wọ́n torí ẹ̀ dá ẹ, tó ò bá tíì rí i, ò ń fayé ẹ ṣòfò. Àwọn ọmọ ẹni ogún ọdún, ẹni márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n wá ń wá a bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lókùnkùn, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn ò jọ wọ́n lójú mọ́, ọ̀rẹ́ wọn ò jọ wọ́n lójú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń rò pé kì í ṣèyí, tèmi ṣì wà níwájú. Ta ló sọ pé ẹyọ kan ni? Aristotle, amòye ará Gíríìsì tó ti kú láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ti béèrè ìbéèrè yìí dáadáa. Ó ní ojú níṣẹ́ tiẹ̀, ọwọ́ níṣẹ́ tiẹ̀, káfíńtà àti aránbàtà níṣẹ́ tiwọn, ṣé èèyàn gẹ́gẹ́ bí èèyàn ló wá máa jẹ́ aláìníṣẹ́? Ìdáhùn ẹ̀ ni pé kéèyàn lo làákàyè ẹ̀ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ìwà tó dáa, kì í ṣe fún ọjọ́ kan, fún odindi ìgbésí ayé. Ẹ wò ó, iṣẹ́ kan náà ló gbé fún gbogbo wa. Kò sọ pé kí kálukú lọ máa wá èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún un.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí jù ni Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ ará Vienna lórílẹ̀-èdè Austria. Júù ni, àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì kó òun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn òbí ẹ̀ lọ sí àgọ́ ìṣẹ́niníṣẹ̀ẹ́ lọ́dún 1942, ó dé Auschwitz ní 1944, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1945, àmọ́ ìyàwó ẹ̀, bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀ kú, wọn ò bá a padà wálé. Nínú àgọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin méjì kan sọ fún un pé àwọn ò retí nǹkan kan láyé mọ́. Kò wàásù fún wọn. Wọ́n jọ ṣàwárí ẹ̀ ni, ọ̀kan lọ́mọ tó fẹ́ràn gan-an nílẹ̀ òkèèrè tó ń dúró dè é, onísáyẹ́ǹsì lèkejì, ó ti bẹ̀rẹ̀ àwọn ìwé kan tí ẹlòmíì ò lè bá a kọ parí. Bí Frankl ṣe wá rí i ni pé a ti ń yí ìbéèrè yẹn sódì, kì í ṣe àwa ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ayé, ayé ló ń béèrè lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́, ohun tá a bá sì ṣe la fi ń dá a lóhùn. Mo gbà á gbọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó kàn ẹ́ lónìí lè má jẹ́ ohun tó máa kàn ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀.

Ohun tó kù tó ń dùn mí ni ti àwọn tí ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá ẹ̀gbọ́n màmá mi kan dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu wọn. Tí mo bá wọlé, ọwọ́ òsì ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í na aṣọ etí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n á nà án, wọ́n á tún un nà, títí ibi tó wún jọ fi máa tẹ́jú kí n lè ríbi jókòó sí. Kí ni àwọn onípurpose fẹ́ sọ fún àwọn yìí, pé kí wọ́n lọ wá ẹ̀bùn wọn? Frankl ní ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn lè gbà rí ìtumọ̀ ayé ẹ̀, ọ̀nà kan ni ohun tá a ṣe, ọ̀nà míì ni ẹni tàbí ohun tá a fẹ́ràn, ìkẹta sì ni bá a ṣe fara da ìyà tí ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi ìkẹta yẹn di ẹnikẹ́ni lọ́rùn o, òun náà sọ pé ìyà tó bá ṣeé mú kúrò, kéèyàn mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ọwọ́ òsì yẹn tó ní ayé ìyá yẹn ti tán, ojú wa ò jọra.

Bàbá kan tún wà ládùúgbò tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà yẹn wọ́n ṣì ń jí ní ìdájí, wọ́n á kun bàtà, wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á wá jókòó sí pálọ̀, kò síbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n rù gan-an, ìbínú ò sì kúrò lójú wọn. Ẹnì kan ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun kọ́ ọmọ òun ní ìṣirò, báyìí wọn ò lọ́rọ̀ míì lẹ́nu ju ọmọ náà lọ: kì í tètè dé, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un, wọ́n bi í ní 7 lọ́nà 8 ó ń ka ìka. Wọ́n ráhùn sí mi létí ọjọ́ kan títí tí mo fi ní ṣé kí n bá wọn wá tíṣà míì fún un. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn.