Bí ọmọ mi ṣe di Ojoma ní Kabba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀kún o. Àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ọmọ sórí WhatsApp lẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìhà Kabba, ń jẹ́ Ojoma, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́.

Kí n tó bímọ, èmi àti bàbá ẹ̀ ti ń wá orúkọ kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. A rí Yuki, orúkọ àwọn ará Japan, wọ́n ní yìnyín ni ìtumọ̀ ẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Ìgbà tí mo kà á síwájú ni mo rí i pé bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ ló ń sọ ohun tó jẹ́, Yuki ẹnì kan lè jẹ́ yìnyín kí ti ẹlòmíì jẹ́ ayọ̀, àfi bíi ọkọ àti ọkọ́ tiwa. Ta wá ni mo mọ̀ ní Japan tí màá bi léèrè? Mo fi í sílẹ̀.

Alẹ́ tí mo rọbí, bàbá ọmọ wà l'Ábújá, òjò sì ń rọ̀ gidi gan-an. Mama Sunday, aládùúgbò wa, ọmọ Igala láti Idah, ló gbọ́ igbe mi láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Ó fi ìró ẹ̀ bò mí lórí, ó wá ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó dì mí mú títí a fi dé ọsibítù, òjò ń pa òun fúnra ẹ̀ bí ẹyẹ. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n ní kó wá gba ọmọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo gbé ọmọ lọ bá a, mo ní, "Mama Sunday, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lórúkọ." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní Ojoma, ìyẹn ni pé Ọlọ́run mọ̀.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹbí kà á lórí fóònù. Ìyá ọkọ mi rò pé torí òjò alẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Àǹtí wa kan ní ṣé ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn ni, pé Àìná ló yẹ kó jẹ́ nígbà yẹn, ọkùnrin ló ń jẹ́ Òjó. Mo ṣàlàyé títí pé Ọjọ ni àwọn Igala ń pe Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ojo ni wọ́n sábà ń kọ nínú orúkọ, pé èdè wa gan-an bá ara tan, omi wọn omi ni, ẹ̀ta wọn ẹ̀ta, ọmọ ni wọ́n ń pè ní ọma, mọ̀ ni wọ́n ń pè ní ma. Odò Ọya ló kàn wà láàárín wa, àti pé Kwara ni wọ́n ń ka àwa sí tẹ́lẹ̀, Benue ni tiwọn, kó tó di 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi wá ní, "Ìyàwó, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ilé náà ni mo wò o. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Mama Sunday nìkan ló wà nílé."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé látìgbà tí àwọn míṣọ́nárì SIM (Sudan Interior Mission) ti dé Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Òkun wa ní 1908 la ti ń sọmọ ní Samuel àti Rebecca, kò sẹ́ni tó bi wá pé kí la mọ̀ nípa Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí a jọ ń pọnmi ni a ń yẹ̀ wò bí owó ayédèrú.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, ìyá ọkọ mi sọ ọ́ ní Olúfúnkẹ́, Mama Sunday sì pe Ojoma sí i létí jẹ́jẹ́. Orúkọ méjèèjì ló ń jẹ́. Láàárọ̀ àná, mo gbọ́ tí ìyá ọkọ mi ń pè é níbi tó ti ń wẹ̀ fún un, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn kan kò jọ èkejì, ló bá nahùn sókè sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, "Mama Sunday, ṣé ó ti bọ́ sí i?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá!"

Ló bá tún un pè.