Iná Orí Òkè Tiruvannamalai, àti Àtùpà Amọ̀ Ẹnu Ọ̀nà

Bí a bá dárúkọ ọdún àtùpà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Deepavali ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, Karthigai Deepam ni ọdún àtùpà tó wọ̀ wọ́n lára jù. Ìgbà òkùnkùn ni ti Deepavali. Òṣùpá àrànmọ́jú ni wọ́n fi ń ṣe ti Karthigai, láàárín oṣù kọkànlá sí ìkejìlá.

Ìlú Tiruvannamalai ni ojúkò rẹ̀, ní tẹ́ńpìlì Arunachaleswarar, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà Shiva gẹ́gẹ́ bí iná. Wọ́n ní òrìṣà méjì mìíràn, Brahma àti Vishnu, ń jiyàn ẹni tó jù, ni Shiva bá di òpó iná. Vishnu di ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ó walẹ̀ títí, kò rí ìdí òpó. Brahma di ẹyẹ, ó fò títí, kò rí orí rẹ̀. Òkè Arunachala, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2,668 lẹ́yìn tẹ́ńpìlì, ni wọ́n gbà pé òpó iná náà dà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná sórí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọdún náà, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ta àsíá. Lọ́jọ́ kẹwàá, ní aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n á tan àtùpà tí wọ́n ń pè ní Bharani Deepam nínú tẹ́ńpìlì. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ère Shiva tí wọ́n ń pè ní Ardhanarishwara, akọ lápá kan, abo lápá kejì, á jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń jáde lọ́dún. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni iná á sọ lórí òkè. Ìdílé Parvatharajakulam ló ni iṣẹ́ títan án: ìkòkò bàbà ràgàjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílò ghee (bọ́tà màlúù tí wọ́n sè títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ), àti aṣọ gígùn gbọọrọ tí wọ́n fi ṣe òwú àtùpà, pẹ̀lú káńfọ̀ tó ń jẹ́ kí iná tètè ràn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló ń jó.

Àwọn olùjọsìn ń fi ẹsẹ̀ lásán yí òkè náà ká, kìlómítà 14. Ẹ má retí pé gbogbo ọdún ni wọ́n á jẹ́ kí ará ìlú gun orí rẹ̀. Lọ́dún 2024, ilẹ̀ òkè náà ya lẹ́yìn òjò ìjì Fengal, ó pa èèyàn méje, wọ́n sì ti ọ̀nà òkè pa mọ́ ará ìlú.

Nílé, àtùpà amọ̀ kékeré ni wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Níbi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù nìyí. Bí àtùpà bá jẹ́ tuntun, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ sì sá a gbẹ dáadáa. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, amọ̀ á mu epo kí òwú tó rí i mu, epo á sì máa jò sílẹ̀. Bó bá sì ṣì tutù, iná á máa ta pàrà-pàrà. Orí òwú tó yọ kúrò lẹ́nu àtùpà kò gbọdọ̀ gùn: bó bá gùn, èéfín dúdú ni. Bó bá rì sínú epo pátápátá, iná kú nìyẹn. Epo yànmọ̀tí ló dára jù fún ìta, nítorí ghee máa ń dì bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ohun tó bá sì ti dì kò lè gun òwú. Ẹni tó bá fẹ́ lo ghee, kó yọ́ ọ kó tó dà á.

Bó bá tó àkókò láti pa á, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Òdòdó ni kí ẹ fi pa á, tàbí kí ẹ rọra ti orí òwú sínú epo.