Ẹni tó kọ ìtàn Ìbàdàn ló tún jọba Ìbàdàn

Ìwé kan wà nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, òwú ni bàbá mi fi rán an. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ni, èyí tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1911.

Ìyá bàbá mi kò mọ̀wé. Èmi ni mo máa ń kà á fún wọn lálẹ́. Tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ Ògúnmọ́lá, jagunjagun Ìbàdàn, báyìí, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi: "Olódògbò kẹ̀rì, kẹ̀rì lójú ogun!" Wọ́n á máa ki í lọ, ọwọ́ wọn á máa lu itan wọn, ojú wọn á ti kúrò lára mi. Tiwọn a máa gùn ju ti inú ìwé lọ nígbà mìíràn, èmi á sì sáré kọ ìyókù sínú ìwé iṣẹ́ àmúrelé mi.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 1911 yẹn dáadáa. 1893 ni àwọn ọmọ ogun Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, tú ká. Àwọn tó jà níbẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì lè sọ tẹnu wọn. Akínyẹlé kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi Yorùbá kọ ọ́ kí àwọn tó ni ìtàn lè gbọ́ ọ. Ìwé ńlá tí Samuel Johnson kọ lórí ìtàn Yorùbá kò tíì jáde. 1921 ni wọ́n tó rí i tẹ̀. Ní 1914, Akínyẹlé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, tún wà nínú àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà má baà tán.

Kò fi mọ sídìí ìwé. Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ó dá ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ n'Íbàdàn, ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló fún ta nílẹ̀, ìtàn ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni irọ́ kò lè tètè yí lórí. Ó tún jẹ́ ààrẹ ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, CAC, aládùúrà pọ́ńbélé.

Ìbàdàn kì í fi ọmọ rọ́pò bàbá lórí oyè. Ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń gun àkàsọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í dé òkè kí ọlọ́jọ́ tó dé. Akínyẹlé dé bẹ̀ ní 1955, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òṣèlú Ìbàdàn gbóná janjan lásìkò yẹn, ayé Adégòkè Adélabù ni. Orí oyè ni Akínyẹlé wà títí ó fi wàjà ní 1964.

Ọwọ́ mi ni ìwé yẹn wà báyìí. Ojú ewé kan tó ṣófo wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá mi ti fi bírò kọ orúkọ àwọn Olúbàdàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń jẹ. Orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà ló wà lókè pátápátá.