Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ṣóńṣó kékeré kan

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni lẹ́tà olóòtú jọ́nà, ìwé tí wọ́n ń tẹ ìwádìí jáde sí, wọlé: wọ́n ti gba iṣẹ́ wa lórí fífi èérún fàdákà (nanoparticle, fàdákà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí) fọ omi mọ́. Oṣù mọ́kànlá gbáko la fi ń lọ tí a ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn olùyẹ̀wò dá a padà. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò wa kan ní láàbù wá bá mi ní Gwagwalada níbí, ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo eléyìí. Wọ́n ní láàárín ọjọ́ márùn-ún péré làwọn máa gbà á." Ara mi bù máṣọ. Irú lẹ́tà yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ sí mi ní 2013, orúkọ jọ́nà nìkan ló yàtọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń se ewé láti fi omi rẹ̀ sọ fàdákà inú kẹ́míkà di èérún, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ UV yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ewé tuntun kọ́ ni ìwádìí tuntun. Láti 2004 ni àwọn onímọ̀ kan ní Íńdíà ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí fífi ewé dongoyaro ṣe èérún fàdákà àti ti wúrà. Látìgbà náà, ewé wo ni wọn ò tíì sè? Zogale (mòríngà) ńkọ́, ewúro ńkọ́, efinrin, ewé gúáfà, títí dé èèpo ọsàn. Bí ẹ bá sọ fún olóòtú jọ́nà gidi lónìí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lo ewé kan tó hù lẹ́yìnkùlé yín, ohun tó máa bi yín ni pé kí ni ewé náà ṣe tí àwọn tó kù ò ṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ má sáré tẹ̀lé ariwo ọjà. Nígbà tí Iijima, onímọ̀ ará Japan, kọ̀wé lórí ọ̀pá carbon tín-ín-rín ní 1991, gbogbo ayé yíjú síbẹ̀. Graphene, ewé carbon tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ, dé ní 2004, àwọn tó ṣe é gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010. MXene, ohun pẹlẹbẹ tín-ín-rín míì tó ní irin àti carbon nínú, dé ní 2011. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà sọ èérún ọ̀rá di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn, nígbà tó sì di 2023, quantum dots, èérún tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí ó bá ṣe tóbi tó, ló gba Nobel. Kí àwa tó rówó kẹ́míkà rà ní Abuja, àwọn tó ní ẹ̀rọ ti jẹ ẹran ibẹ̀ tán, egungun ló kù. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ní 2010, òjé tó ń jáde láti ara òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fún wúrà pa ọmọdé tí kò dín ní 400 ní Zamfara. Èérún wo ló lè fa òjé kúrò nínú omi kànga abúlé, tí màmá àgbà kan á lè lò ó láìsí iná? Ẹni tó bá dáhùn ìyẹn dáadáa, olóòtú á kà á dé òpin.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti àwọn jọ́nà gbájúẹ̀. Ó yẹ kí n sọ èyí ní gbólóhùn kan, àmọ́ kò ṣeé sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, 2013. Iná ò sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ tó ń ṣe omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀) wà ní kọ̀rọ̀, òun ń wò wá, àwa ń wò ó. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n tẹ nǹkan jáde kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, pé ibi tó bá ti jáde ti jáde. Mi ò tíì lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ pọn omi bóhòòlù. Òun ni mo fi ṣan ewé dongoyaro, òun ni mo fi sè é, mo sẹ́ ẹ, mo dà á sínú silver nitrate, kẹ́míkà tí fàdákà wà nínú rẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti pọ́n bí omi àgbo. Mo pariwo débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá wò mí.

Mo fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ránṣẹ́ sí Gúúsù Áfíríkà fún XRD, ìdánwò tó ń fi ìtànṣán X mọ ohun tó wà nínú nǹkan: ohun kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ṣóńṣó tirẹ̀ ti ń yọ lórí àwòrán èsì. Nígbà tí èsì dé, ṣóńṣó fàdákà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ìwọ̀n degree 38, 44, 64 àti 77. Àmọ́ òmíràn tún wà, ní nǹkan bíi 28, ní 46, àti èyí tó ga jù nínú wọn, ní 32. Mo bi ọ̀gá. Ó ní, "Kọ ọ́ pé ohun inú ewé ni." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jọ́nà náà gbà á ní ọjọ́ karùn-ún, wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Owó àjọ tí mo kó ni mo fi san 150 dọ́là.

Ní 2016, wọ́n pè mí sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lókè òkun. Àwọn mẹ́ta ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá àgbàlagbà kan gbé àwòrán èsì XRD mi sójú kọ̀ǹpútà, ó fi bírò tọ́ka sí 32. "Kí lèyí?" Mo ní ohun inú ewé ni. Ó ní ohun inú ewé kì í sábà yọ ṣóńṣó mímú báyìí. Ó wá bi mí pé irú omi wo ni mo lò. Ẹnu mi gbẹ. Silver chloride ni: iyọ̀ inú omi bóhòòlù ló pàdé fàdákà mi, ó sọ apá kan rẹ̀ di nǹkan mìíràn, èmi sì pe gbogbo rẹ̀ ní ojúlówó èérún fàdákà. Mo ti kọ ọ́ pé èérún mi ń pa kòkòrò àìfojúrí, ó wá bi mí bóyá mo fi silver nitrate nìkan dán wọn wò. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ silver nitrate fúnra rẹ̀ ń pa kòkòrò, nítorí náà mi ò lè sọ ohun tó pa wọ́n.

Wọn ò gbà mí. Ìyẹn dùn mí, àmọ́ òun kọ́ ló dùn mí jù. Ọdún mẹ́ta ni àṣìṣe náà fi wà níta pẹ̀lú orúkọ mi lórí rẹ̀, olùyẹ̀wò kan ṣoṣo tó bá kà á ì bá ti rí i. Owó àjọ mi, ẹni tó yẹ kó bá mi wí ni mo fi pa lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo ní kí àwọn oníjọ́nà náà yọ ọ́, wọ́n ní kí n san 200 dọ́là sí i. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó ń ka iye ìwé láìṣí ìwé wò lé yín sínú irú rẹ̀. Ẹ̀rù owó kọ́: Beilstein Journal of Nanotechnology wà láti 2010, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé tàbí ẹni tó ń kà á. Ẹ má sì tìtorí orúkọ ńlá sùn. Lọ́dún 2023, Hindawi, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà lábẹ́ Wiley nígbà náà, fagi lé iṣẹ́ tó lé ní 8000. Ẹ ka iṣẹ́ mẹ́ta nínú jọ́nà kí ẹ tó fi tiyín ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí ṣóńṣó tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé, tí wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ sá.

Àbúrò tó wá bá mi ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo dá fóònù rẹ̀ padà, mo bi í pé omi wo ló lò. "Bóhòòlù ni, Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mo sè é dáadáa." Síse kì í yọ iyọ̀. Mo ní kó bu díẹ̀ sínú ife ìdánwò, kó kán nitric acid sí i, kó wá kán silver nitrate tẹ̀lé e. Ẹ̀kán kejì ni omi náà funfun bí omidùn ògì. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó mì ín, ó tún gbé e síbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ sídìí síńkì, ó da ìgò omi ewé rẹ̀ méjèèjì nù, ó sì padà wá béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹ̀rọ omi distilled wà.