Ní Sanremo, Ẹni Tó Borí Lè Kọ̀ Láti Lọ

Etí òkun ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà láti Genoa lọ sí Sanremo ní Ítálì, òkè lápá ọ̀tún, omi lápá òsì. Lọ́sẹ̀ àjọ̀dún orin Sanremo, níbi tí àwọn olórin ti ń díje, ní oṣù Kejì ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àwọn èrò inú ọkọ̀: ta ni yóò gbà á? Abẹ́ ilẹ̀ ni ibùdókọ̀ wà, ọ̀nà ihò náà sì gùn kí èèyàn tó rí ojú ọ̀run.

Ọ̀pọ̀ ará òkèèrè rò pé torí Eurovision, ìdíje orin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni Ítálì ṣe ń kó olórin jọ síbẹ̀. Rárá o. Sanremo ló dàgbà jù. Ọdún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé tẹ́tẹ́ ìlú náà. Ọdún 1956 ni Eurovision tó dé, Sanremo gan-an ló sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Alẹ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń kọrin, orin tuntun tí aráàlú kò tíì gbọ́ rí, tí àwọn onífayolíìnì àti onífèrè ń gbè lójú ẹsẹ̀.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé gbọ̀ngàn ràgàjì ni Ariston, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún náà báyìí. Ilé sinimá ni, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, ní òpópónà tí kò fẹ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ń gbà. Àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì ti ń dúró lẹ́yìn irin láti àárọ̀, kí wọ́n ṣáà lè fojú kan olórin.

Ilé kọfí kan ni mo ti wo alẹ́ ìkẹyìn. Ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí ní òun kì í wo Eurovision, ṣùgbọ́n láti kékeré, òun kò pa Sanremo jẹ rí. Nínú ìbò àṣekágbá, ìpín 34 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti aráàlú tó ń dìbò láti ilé, 33 ti àwọn oníròyìn, 33 ti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò. Olórin 29 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ kù sí márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ tí Giorgia, tó borí lọ́dún 1995, kò sí nínú wọn, ariwo sọ ní Ariston, ó sọ lọ́dọ̀ tiwa náà. Inú bí mi gidi. Ohùn obìnrin yẹn ń wọni lára.

Olly, ọmọ Genoa, ló borí. Ẹni tó bá borí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi Eurovision lọ̀. Bó bá kọ̀, RAI, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ítálì, á pe ẹlòmíràn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Olly fi kọ̀ ọ́. Inú mi dùn pé òfin gbà á láyè. Àwọn aráalé ni wọ́n ń kọrin fún ní Sanremo, ní èdè wọn, láìwojú àlejò, èyí ló sì ń fún orin wọn lágbára níta. Bí ẹgbẹ́ olórin Måneskin ṣe ṣe é nìyẹn lọ́dún 2021: wọ́n borí ní Sanremo, wọ́n tún borí nínú Eurovision ní Rotterdam, orin èdè Ítálì kan náà.

Lucio Corsi tó ṣe ipò kejì ló wá lọ sí Eurovision ní Basel lóṣù Karùn-ún. Ó fọn fèrè ẹnu lórí ìtàgé, Ítálì sì ṣe ipò karùn-ún.